Kan Náà, Dọ́gba, Jọra: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Ìfiwéra Ohun Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro tí ó máa ń kojú ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni pé àmì ìdọ́gba tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́ bí a bá dé inú ètò. Nínú ìṣirò, a máa ń kà á pé ‘èjì àti èjì jẹ́ ẹ̀rin’, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ètò tí a gbé karí ohun, ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fara pamọ́ sábẹ́ àmì yìí: ṣé ohun kan ṣoṣo ni a ń fi orúkọ méjì pè ni, àbí ohun méjì ni wọ́n, tí ohun tí ó wà nínú wọn bára mu? Olùkọ́ tí ó bá fi ‘dọ́gba’ túmọ̀ méjèèjì yóò da akẹ́kọ̀ọ́ rú, ìdàrúdàpọ̀ náà yóò sì bá a dé ibi iṣẹ́, níbi tí àṣìṣe orí ìlà kan ṣoṣo ti lè sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ti ẹlòmíràn nínú àkọsílẹ̀. Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ níbí ni pé èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyàtọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni kí a fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a fìdí àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀nà ìṣètò tí à ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Norway, níbi tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣẹ̀dá èdè ìṣètò Simula ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé a kì í wo ètò gẹ́gẹ́ bí àwọn àṣẹ tí ó tò tẹ̀lé ara wọn lásán. Àwọn ohun ni a ń ṣẹ̀dá sínú rẹ̀, tí ohun kọ̀ọ̀kan ní àbùdá tirẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. A ó máa lo ‘ohun’ láìfi nǹkan mìíràn kún un. ‘Ìsọ̀rí’ ni a ó máa pe ẹgbẹ́ tí ohun ti jáde wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ gírámà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìsọ̀rí ọ̀rọ̀. Ibi tí ohun wà nínú iyè kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì; orúkọ tí a fi ń pe ohun náà nínú ètò kì í ṣe ohun fúnra rẹ̀, ìtọ́ka sí àdírẹ́sì náà ni. Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń bọ̀ dúró lé.

Lẹ́kí jẹ́ ìlú kan ní apá ìlà-oòrùn ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ṣùgbọ́n bí ará Èkó bá sọ lónìí pé òun ń lọ sí Lẹ́kí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àdúgbò Lekki Phase 1 ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ni ó ní lọ́kàn, ibi tí ó jìnnà sí ìlú àkọ́kọ́ ní ohun tí ó ju 50 kìlómítà lọ. Èbúté tí a ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí a sì ń pè ní èbúté Lẹ́kí, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni ó wà. Ẹni tí ó bá wá a lọ sí Phase 1 kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìgàndó: ọ̀kan wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí a ń pè ní Ìgàndó Ọlọ́jà, òmíràn sì wà ní Alímọ̀ṣọ́, lódìkejì Èkó pátápátá. Orúkọ dọ́gba, ìlú kì í ṣe kan náà. A sì rí òdìkejì èyí pẹ̀lú. Ìràwọ̀ ńlá tí à ń pè ní àgùàlà ni àwọn kan ń pè ní ajá òṣùpá. Orúkọ méjèèjì kò dọ́gba rárá, bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọ́ka sí lójú ọ̀run. Bí a bá mú àpẹẹrẹ méjèèjì yìí papọ̀, a ó rí i pé kò sí èyí tí a lè fi rọ́pò èkejì: ìdọ́gba orúkọ kò fi ẹ̀rí jíjẹ́ ọ̀kan hàn, àìdọ́gba orúkọ kò sì fi ẹ̀rí jíjẹ́ méjì hàn.

Ẹ jẹ́ kí á wá yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. ‘Kan náà’ kò béèrè nǹkan kan lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí a bá ní ‘ilé kan náà ni wọ́n ń gbé’, a ti ka ilé, a sì rí i pé ọ̀kan ni. Iye ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ‘kan’ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. ‘Dọ́gba’ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ pé ‘àwọn méjèèjì dọ́gba’, tí kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó gbọ́ yóò bi í pé: ní ti kí ni? Wọ́n lè dọ́gba ní gíga, kí wọ́n má dọ́gba ní ọjọ́ orí. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè dọ́gba ní ìwọ̀n lójú òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn, kò sí ìyá tí yóò torí ìyẹn fún ọ̀kan lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. ‘Jọra’ ni ó rọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó gba kí ìyàtọ̀ díẹ̀ wà. A gbọ́dọ̀ kíyè sí ‘jọ’ tí kò ní ‘ra’ lẹ́yìn pẹ̀lú. A máa ń sọ pé ọmọ jọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé bàbá jọ ọmọ yóò pa àwọn tí ó ń gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín. ‘Jọ’ ní ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ‘dọ́gba’ àti ‘jọra’ kò ní. Ìyàtọ̀ yìí yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Nítorí náà, a dábàá pé kí a máa lo ‘ìjẹ́kannáà’ fún ìbéèrè bóyá ìtọ́ka méjì dojú kọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, kí a sì fi ‘ìdọ́gba’ sílẹ̀ fún ìfiwéra tí ó dá lórí àbùdá. Àwọn kan lè ní ‘ìjẹ́kannáà’ gùn lẹ́nu. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò nílò àlàyé, èyí sì sàn ju ọ̀rọ̀ kúkurú tí a ó máa túmọ̀ fún kíláàsì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Àwọn èdè ìṣètò kò fohùn ṣọ̀kan lórí àmì tí wọn yóò lò, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra jù. Nínú Smalltalk, = ni ìdọ́gba, == sì ni ìjẹ́kannáà. Java, tí ó jáde ní 1995, lo == fún ìjẹ́kannáà àwọn ohun, ó sì fi iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ equals sílẹ̀ fún ìdọ́gba. Nínú Python, == yìí kan náà ni ìdọ́gba, ọ̀rọ̀ is ni a sì ń lò fún ìjẹ́kannáà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo lọ́kàn yóò ṣìnà láìmọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àṣìṣe náà kì í fara hàn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi iye kéékèèké dánwò nínú Java, tí a kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ohun ìsọ̀rí Integer láìfi ọwọ́ ara wa ṣẹ̀dá ohun tuntun, == yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún 127 àti 127, yóò sì dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ fún 128 àti 128. Ìdí rẹ̀ ni pé Java ti ṣẹ̀dá ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún iye láti -128 dé 127, ó sì ń pín ìtọ́ka sí wọn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Bí a bá ti kọjá ibẹ̀, ó sábà máa ń ṣẹ̀dá tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ojúlé 12 àti ojúlé 40 dán ètò rẹ̀ wò yóò rò pé ó ti yege. Ìgbà tí ọ̀nà náà bá dé ojúlé 128 ni ètò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ nípa Java: bí aṣètò kò bá sọ fún ìsọ̀rí tí ó dá sílẹ̀ ohun tí ìdọ́gba túmọ̀ sí, equals náà yóò padà di ìjẹ́kannáà. Ètò kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ àbùdá tí a fẹ́ fi díwọ̀n. Ìbéèrè ‘ní ti kí ni?’ tí ‘dọ́gba’ máa ń mú wá lẹ́nu àwa Yorùbá ni èdè Java náà ń bi aṣètò.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìbéèrè náà lọ sórí ilẹ̀. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé ni ó ń jẹ́rìí fún ilẹ̀: ìwé ìwọnlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sọ́fè, ìwé àdéhùn tí ìdílé fi tà á, àti C of O fún ẹni tí ó bá rí i gbà. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, níbi tí agbègbè òwò ọ̀fẹ́, èbúté àti ilé ìfọpo Dangote tí a ṣí ní oṣù karùn-ún 2023 ti sọ ilẹ̀ di ọjà tí gbogbo ayé ń wá rà, kò ṣàjèjì kí ẹni méjì mú ìwé méjì dání lórí ilẹ̀ kan náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò dúkìá ní 2016 láti dẹ́kun fífi ipá gba ilẹ̀ àti títa ilẹ̀ lọ́nà èrú. Ká ní a wá fẹ́ kọ ètò tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò wà nínú ètò wa kì í ṣe ilẹ̀, àkọsílẹ̀ nípa ilẹ̀ ni. Bí ẹni méjì bá mú ìwé wá, ohun méjì ni akọ̀wé yóò ṣẹ̀dá, ní àdírẹ́sì méjì. Bí ètò bá fi ìjẹ́kannáà wò wọ́n, yóò sọ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò ní sí ìkìlọ̀ kankan, a ó sì ti fi kọ̀ǹpútà fọwọ́ sí títa ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdọ́gba ni a nílò, ṣùgbọ́n ìdọ́gba ní ti kí ni? Bí a bá fi orúkọ ìletò àti ìwọ̀n ilẹ̀ ṣe é, gbogbo pulọ́ọ̀tì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 18, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 36 ní Bógíjè yóò di ọ̀kan ṣoṣo lójú ètò; a ó lé olówó tí ó ra tirẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ padà pé ẹlòmíràn ti rà á. Bí a bá fi orúkọ onílẹ̀ kún un, a ó tún bọ́ sínú ọ̀fìn mìíràn, nítorí pé ìyàtọ̀ orúkọ ni yóò mú kí ètò gbà pé ilẹ̀ méjì ni èyí tí a tà fún ẹni méjì. Onílẹ̀ ń yí padà, ilẹ̀ kì í ṣí nípò. Ibi tí igun rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ayé, gẹ́gẹ́ bí àwọn awọnlẹ̀ ti kọ ọ́ sínú sọ́fè, ni àbùdá tí ó tọ́ láti fi díwọ̀n. A lè pe irú àbùdá bẹ́ẹ̀ ní ‘àbùdá ìdánimọ̀’. Ti ènìyàn rọrùn ju ti ilẹ̀ lọ: NIN oníka 11 wà fún un, a kò sì ní torí pé ẹni méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà kí a sọ wọ́n di ẹnì kan.

Àwọn òfin kan wà tí ìdọ́gba gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ohun gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan wà nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, tí a ń kọ báyìí pé NaN, tí kò gbà láti dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìkejì ni òfin àlọ-àbọ̀: bí A bá dọ́gba pẹ̀lú B, B gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú A. Ẹni tí ó ń fi Yorùbá ronú lè rò pé òfin yìí kò ṣe é rú, nítorí pé àlọ-àbọ̀ ti wà nínú ‘dọ́gba’ fúnra rẹ̀. Aṣètò a máa rú u lójoojúmọ́. Ká ní ìsọ̀rí Ilẹ̀ ń wo igun nìkan, tí a sì ti ara rẹ̀ fa ìsọ̀rí-abẹ́ kan yọ fún ilẹ̀ tí ó ní C of O, tí ìyẹn ń wo igun àti nọ́ńbà C of O pọ̀. Bí a bá bi Ilẹ̀ lásán bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ oníwèé, yóò wo igun, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá bi ilẹ̀ oníwèé, yóò wá nọ́ńbà, kò ní rí i, yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. ‘Jọ’ ni ètò náà ń ṣe níbi tí a ti ní kí ó ṣe ‘dọ́gba’, bí ọmọ tí ó jọ bàbá. Níbi tí ìsọ̀rí-abẹ́ bá wà, ó sàn kí a fi ìdọ́gba sí ọwọ́ ìsọ̀rí àgbà nìkan, kí ìsọ̀rí-abẹ́ má fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ kún un.

Òfin kẹta ni àtọwọ́dọ́wọ́: bí A bá dọ́gba pẹ̀lú B, tí B sì dọ́gba pẹ̀lú C, A àti C dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe nínú àṣà, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí ó ṣe èyí náà. Orí igun ilẹ̀ ni òfin yìí ti máa ń wó. Awọnlẹ̀ méjì kì í rí iye kan náà lórí òpó ààlà kan náà. Ọ̀kan lè kọ 584310.27, kí èkejì kọ 584310.31. Bí a bá ní kí ètò gbà pé iye méjì dọ́gba níwọ̀n ìgbà tí ìyàtọ̀ wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìwọ̀n kẹta tí ó jẹ́ 584310.35 yóò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, kò ní dọ́gba pẹ̀lú èkíní. Láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan sí èkejì, ètò lè rìn títí yóò fi gba ìdajì ìletò mọ́ ilẹ̀ kan. Irú ìfiwéra yìí wúlò púpọ̀, a kò sì lè ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ láìsí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ́gba. ‘Ìjọra’ ni orúkọ rẹ̀, ó sì yẹ kí iṣẹ́ tí ń ṣe é nínú ètò ní orúkọ ọ̀tọ̀, kí a má gbé e sábẹ́ equals. Ètò lè sọ pé ilẹ̀ méjì jọra, kí ó wá fi wọ́n lé awọnlẹ̀ lọ́wọ́ láti yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àpótí kò gba àkókò púpọ̀. Kí kọ̀ǹpútà má baà máa tú gbogbo àkọsílẹ̀ wò bí a bá ń wá ọ̀kan, ó máa ń fi iṣẹ́ tí Java ń pè ní hashCode ṣírò nọ́ńbà kan láti inú àbùdá ohun, yóò sì kó ohun náà sí àpótí tí ó ní nọ́ńbà náà. A lè pè é ní ‘nọ́ńbà àpótí’. Ohun méjì tí ó dọ́gba gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àpótí kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó máa wá ọ̀kan nínú àpótí tí kò sí. Bí orúkọ onílẹ̀ bá wà lára ohun tí a fi ṣírò nọ́ńbà náà, ọjọ́ tí ilẹ̀ bá yí ọwọ́ padà ni nọ́ńbà yóò yí, àkọsílẹ̀ yóò sì wà nínú àpótí àtijọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wá a dé. Àbùdá tí ó lè yí padà kò yẹ nínú ìṣirò yìí.

Ó ku ìṣòro kan tí ó jẹ́ ti àwa tí ń kọ Yorùbá gan-an. Ìlú kan náà ni a ń kọ ní Lekki, Leki àti Lẹ́kí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí Oshogbo àti Òṣogbo, Otta àti Ọ̀tà, nítorí pé ìlànà àkọtọ́ 1974 kò dé orí gbogbo pátákó ojú ọ̀nà. Ìyẹn ṣeé fojú rí. Èyí tí kò ṣeé fojú rí ni pé ‘Lẹ́kí’ méjì tí ó jọra délẹ̀délẹ̀ lójú ìwé lè má dọ́gba lójú kọ̀ǹpútà. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ẹ́. A lè kọ ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀, U+1EB9, kí a fi àmì ohùn òkè, U+0301, tẹ̀ lé e. A lè kọ é tí ó ti ní àmì ohùn, U+00E9, kí a fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. A sì lè kọ e lásán kí a fi àmì méjèèjì lé e. Ojú ènìyàn rí ọ̀kan ṣoṣo. Equals ń ka nọ́ńbà, yóò sì sọ pé mẹ́ta ni. Akọ̀wé tí ó bá fi orúkọ ìlú tí ó ní àmì wá fáìlì lè gba èsì pé kò sí, kí fáìlì náà sì wà níbẹ̀.

Unicode ti pèsè oògùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí: ìlànà NFC a máa sọ gbogbo wọn di U+1EB9 àti U+0301. Aṣètò gbọ́dọ̀ lò ó nígbà tí a bá ń kó orúkọ wọlé àti nígbà tí a bá ń wá a. A dábàá ‘ìmúbákannáà’ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé àti pátákó ìtẹ̀wé kan wà tí wọn kì í lo àmì tó-tó sábẹ́ e. Ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán, U+0329, ni wọ́n ń lò. NFC kò ka ìlà yìí sí kan náà pẹ̀lú àmì tó-tó, kò sì ní yí ọ̀kan padà sí èkejì. Lójú òǹkàwé Yorùbá, lẹ́tà kan náà ni. Ẹni tí ó bá ń kọ ètò fún orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin tí yóò sọ U+0329 di U+0323 lábẹ́ e, o àti s, kí NFC tó ṣe tirẹ̀, kí equals tó dé.